Ère Ọmọ-Ogun Tí Ó Kọjú Sílé: Àlàyé Lórí Òkúta Ìrántí Ogun ní Itẹ́ Òkú Sharpsburg

Ìfáárà

Àwọn àgbà ni wọ́n wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Orí òwe yìí ni n ó gbé ọ̀rọ̀ mi lé lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni n ó gbé e lọ. Ohun tí òwe náà fi yé wa ni pé ìsìnkú kì í ṣe ọ̀ràn ẹni tí ó kú nìkan, ọ̀ràn ẹni tí ó kù tí ó sì dúró tì í ni pẹ̀lú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó wí nípa ẹni tí ó kú sí ojú ogun, tí ó jìnnà sí ilé, tí ẹni tí ó gbẹ́lẹ̀ fún un kò sì mọ orúkọ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun nínú ilé wa. Àbúrò bàbá bàbá mi bá ogun lọ sí Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò sì padà wálé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń gbọ́ tí ìyá bàbá mi ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn òkú ilé. Ó lè tọ́ka sí ojú oórì gbogbo àwọn yòókù. Bí ó bá kan ti ẹni yìí, ọwọ́ rẹ̀ a rọ sílẹ̀. Kò sí irun, kò sí èékánná, tí ẹnikẹ́ni mú wá kí a lè fi sin ín, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń ṣe fún ẹni tí ó bá kú sí àjò. Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé itẹ́ òkú kan ní ìlú kékeré tí ń jẹ́ Sharpsburg, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, n kò lè wò ó bí àlejò tí ó kàn wá wòran.

Ère ọmọ-ogun kan dúró ní àárín itẹ́ òkú náà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ère náà jẹ́, bí ó ti ṣe dé ibẹ̀, ohun tí ó ń sọ fún wa, àti ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Èrò mi ni pé kò sí ẹni tí ó lè mọ ìtumọ̀ ère ìrántí ogun bí ó bá wo ère nìkan. A ní láti wo ilẹ̀ tí ère náà dúró lé, kí a ka àwọn tí ó sùn sínú ilẹ̀ náà, kí a sì tún béèrè àwọn tí a kò gbà láyè láti sùn síbẹ̀.

Ìjà tí ó bí itẹ́ òkú náà

Ní ọdún 1861, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà yapa kúrò lára orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan oko ẹrú tí ọrọ̀ wọn dúró lé. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ó sì jà títí di ọdún 1865. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1862, Ọ̀gágun Robert E. Lee kó àwọn ọmọ-ogun Gúúsù sọdá odò Potomac, wọ́n sì wọ Maryland. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, wọ́n pàdé àwọn ọmọ-ogun Ìjọba Àpapọ̀, tí Ọ̀gágun George McClellan ń darí, lẹ́bàá odò kékeré kan tí ń jẹ́ Antietam, nítòsí Sharpsburg.

Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi jà. Wọ́n jà nínú oko àgbàdo. Wọ́n jà lójú ọ̀nà oko kan tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù ti tẹ̀ rì bíi kòtò. Wọ́n jà nídìí afárá olókùúta kan tí ó dá odò Antietam kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, bí a bá ka àwọn tí ó kú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, àti àwọn tí a wá tí a kò rí, ní ìhà méjèèjì, wọ́n tó nǹkan bí 23,000. Kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ojú ìjà tó bẹ́ẹ̀. Ní òru ọjọ́ 18, Lee kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sọdá odò.

Ìjà yìí ni Ààrẹ Abraham Lincoln ti ń retí kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án náà, ó kéde pé, bí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ṣọ̀tẹ̀ kò bá padà, gbogbo ẹrú tí ó wà ní ibi tí ọ̀tẹ̀ bá wà yóò di òmìnira. Ìkéde náà fìdí múlẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1863. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé n ó padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ ère náà.

Àwọn ará Sharpsburg ni ogun náà bá lábẹ́ òrùlé wọn. Ilé, ilé ìjọsìn, àti abà oko di ibi ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní ti àwọn òkú, ibi tí wọ́n ṣubú sí náà ni a gbẹ́lẹ̀ fún wọn, kòtò náà kò sì jìn. Ẹni tí ó bá ní alábàárìn, a kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó pẹlẹbẹ kan, a sì rì í mọ́ ibi orí rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, a kàn da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ayàwòrán kan, Alexander Gardner, dé kí wọ́n tó sin gbogbo wọn tán. Àwọn fọ́tò òkú tí ó yà ni wọ́n pàtẹ ní New York ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, níbi tí àwọn ará ìlú ti kọ́kọ́ fi ojú ara wọn rí ohun tí ogun ń ṣe fún ara ènìyàn.

Bí a ti ṣe kó àwọn òkú jọ

Òjò kò mọ ibojì akíkanjú yàtọ̀ sí ebè iṣu. Kò pẹ́ tí ọ̀gbàrá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn kòtò náà, tí pákó ń jẹrà, tí orúkọ ń pa rẹ́. Ní ọdún 1865, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Maryland fọwọ́ sí i pé kí a ra ilẹ̀ tí ó lé díẹ̀ ní éékà 11 ní orí òkè kan ní ẹ̀bá ìlú, kí a sì kó àwọn òkú náà jọ síbẹ̀. Ìpínlẹ̀ 18 ni ó dá owó sí iṣẹ́ náà.

Àwọn ọkùnrin méjì kan ní àdúgbò náà, Aaron Good àti Joseph Gill, ṣe iṣẹ́ kan tí mo kà sí iṣẹ́ ọmọ òkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọmọ àwọn òkú náà. Wọ́n ń lọ láti oko dé oko, wọ́n ń wá ibi tí a sin ènìyàn sí, wọ́n sì ń wá orúkọ ẹni tí a sin. Lẹ́tà tí ó wà lápò òkú, ìwé ẹ̀rí owó sísan, ìwé tí ó ń kọ ìrìn àjò rẹ̀ sí, fọ́tò, àmì tí ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára ìgbànú tàbí àpò ọta ìbọn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń wádìí. Wọ́n ń bi àwọn ẹbí léèrè, wọ́n sì ń bi àwọn tí ó ti ojú ogun náà bọ̀. Láti apá ìparí ọdún 1866 wọ ọdún 1867 ni a fi hú àwọn òkú tí a sì tún wọn sin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1867, tí ó pé ọdún márùn-ún géérégé tí ìjà náà wáyé, a ṣe ayẹyẹ ìyàsímímọ́ itẹ́ òkú náà, Ààrẹ Andrew Johnson sì wà níbẹ̀.

Ọmọ-ogun Ìjọba Àpapọ̀ 4,776 ni a sin síbẹ̀, láti ojú ìjà Antietam àti láti ibi ìjà mìíràn ní Maryland. Nínú wọn, 1,836 ni a kò mọ orúkọ wọn. Bí a bá mú ọgọ́rùn-ún nínú wọn, 38 kò ní orúkọ. Òkúta àwọn tí a mọ̀ ga díẹ̀, orúkọ sì wà lára rẹ̀. Ti àwọn tí a kò mọ̀ jẹ́ òkúta kékeré onígun mẹ́rin tí kò ga nílẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni ó wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo lọ, mo bẹ̀rẹ̀ láti ka nọ́ńbà orí ọ̀kan nínú wọn. N kò lè dúró kí n kà á, àfi kí n kúnlẹ̀.

Ère náà àti ìrìn àjò rẹ̀

Àwọn ibojì náà tò yí ère ká bí ìlàjì òbírí. Ọmọ-ogun lásán ni ère náà jẹ́, ẹni tí kò ní ipò kankan nínú ogun. Ó wọ ẹ̀wù òtútù, ó dé fìlà, ó fi ìdí ìbọn rẹ̀ sọlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ibi ẹnu ìbọn náà mú níwájú ara rẹ̀, bí ẹni tí iṣẹ́ ti parí fún. Akọ òkúta láti Westerly ní ìpínlẹ̀ Rhode Island ni a fi gbẹ́ ẹ. Carl Conrads ni ó ṣe àwòṣe rẹ̀, James W. Pollette ni ó sì gbẹ́ ẹ, lábẹ́ ilé iṣẹ́ agbẹ́kùúta ti James G. Batterson ní Hartford. Bí a bá wọn ọmọ-ogun náà láti ẹsẹ̀ dé orí, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 21 àti ààbọ̀, èyí tí ó ju ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n gun ara wọn léjìká lọ. Tòun ti ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 44 àti íǹṣì 7. Òkúta 27 ni a tò pọ̀, wọ́n wúwo tó tọ́ọ̀nù 250, owó tí ó ná wọn sì lé ní 32,000 dọ́là. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní orúkọ àpọ́nlé kan, wọ́n ń pè é ní Old Simon, bí ìgbà tí àwa bá ń pe ènìyàn ní Bàbá Símónì.

Kí ó tó dé Sharpsburg, ère yìí rìn. Ní ọdún 1876, nígbà tí Amẹ́ríkà ń ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira rẹ̀, ẹnu ọ̀nà ibi ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Philadelphia ni ó dúró sí. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé e lọ sí ibi tí a torí rẹ̀ ṣe é, wọ́n tú u palẹ̀. Apá méjì ni ara ọmọ-ogun náà jẹ́, ibi ìbàdí ni wọ́n ti so pọ̀. Ní Washington, apá òkè, láti ìbàdí dé orí, já sínú odò. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ó fi wà nínú omi kí wọ́n tó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e gba ojú omi àfọwọ́gbẹ́ tí ó lọ lẹ́bàá Potomac, títí wọ́n fi dé ìtòsí Sharpsburg. Láti èbúté, orí igi ràbàtà tí ń yí gbirigbiri ni wọ́n fi wọ́ ọ la àárín ìlú kọjá dé itẹ́ òkú. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1880 ni a ṣí i, ọdún méjìdínlógún gan-an lẹ́yìn ìjà náà.

Ohun tí ère náà ń sọ

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni ẹni tí a gbẹ́. Láyé àtijọ́, àti nílẹ̀ àwọn òyìnbó àti níbi púpọ̀ mìíràn, ọba tàbí ọ̀gágun lórí ẹṣin ni a máa ń gbẹ́ ère fún. Ogun abẹ́lé yìí yí àṣà náà padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kú nínú rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ wọ iṣẹ́ ogun. Ìlú kékeré kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀ láti sunkún lé lórí, ìlú kọ̀ọ̀kan sì fẹ́ ẹni tí ó jọ ọmọ tirẹ̀. Ní Sharpsburg, àti McClellan àti ọ̀gá kankan kò sí lórí òpó náà. Ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún ni ó wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni ojú ère náà. Ojú ẹnì kan pàtó kọ́. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹnì kan, ìyá kan ṣoṣo ni yóò mọ̀ ọ́n. Nítorí pé kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni, gbogbo ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta onínọ́ńbà ni ó lè pè é ní ti òun. Ó sì kọjú sí àríwá, ìyẹn ni pé ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Ní ìdí rẹ̀, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ó túmọ̀ sí pé kì í ṣe nítorí ara wọn ni wọ́n ṣe é, bí kò ṣe nítorí orílẹ̀-èdè wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ kí irú ère yìí tu gbogbo ènìyàn nínú náà ni ó jẹ́ kí ó rọrùn láti sọ ọ́ di ọjà. Kò pẹ́ tí irú ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀, tí ó fi ọwọ́ di ẹnu ìbọn mú, fi kún gbàgede àti itẹ́ òkú káàkiri Àríwá àti Gúúsù. Ilé iṣẹ́ Monumental Bronze ní Bridgeport, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ń fi irin sinkí rọ wọ́n, ó sì ń tà wọ́n láti inú ìwé ìpolówó ọjà. Ìhà méjèèjì ni ó tà á fún. Ohun kékeré bíi fìlà tàbí àmì orí ìgbànú ni wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè mọ ìdí tí ènìyàn fi jà láti ara ère rẹ̀, kí ó ro èyí wò.

Ohun tí ère náà kò sọ

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ìmọ̀ràn itẹ́ òkú yìí, àwọn tí ó kú ní ìhà méjèèjì ni a ní lọ́kàn láti sin síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbínú ṣì gbóná, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù kò sì lówó lọ́wọ́ láti dá sí i. Àwọn òkú Gúúsù wà nínú oko àwọn àgbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí a ti kó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kúrò, kí a tó kó wọn lọ sí àwọn ìlú mìíràn nítòsí: Hagerstown, Frederick, àti Shepherdstown. Ti Hagerstown, tí a yà sí mímọ́ ní ọdún 1877, gba òkú tí ó lé ní 2,000, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sì ní orúkọ. Èmi kì í ṣe alágbàwí fún ohun tí àwọn ọmọ-ogun Gúúsù jà fún. Oko ẹrú ni, àwọn tí a sì fi ń ṣe ẹrú níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Mo kàn ń wí pé itẹ́ òkú tí a pè ní ti orílẹ̀-èdè ní odi, a sì mọ ẹni tí odi náà sé mọ́ta.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kejì ni ó dùn mí jù. Mo ní kí ẹ fi Ìkéde Òmìnira sọ́kàn. Ìjà tí a jà ní oko Sharpsburg ni ó ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Ìkéde náà ni ó sì ṣí ọ̀nà fún àwọn ènìyàn dúdú láti wọ iṣẹ́ ogun Ìjọba Àpapọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí iye wọn fi tó nǹkan bí 180,000 kí ogun tó parí. Síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa ẹrú tàbí òmìnira nínú ohun tí a kọ sí ìdí ère náà. Orílẹ̀-èdè ni ó dárúkọ. Ohun tí orílẹ̀-èdè náà ń jà lé lórí, kò dárúkọ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkéde náà kò kan àwọn ẹrú Sharpsburg fúnra wọn, nítorí pé Maryland kò bá wọn ṣọ̀tẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1864, nígbà tí òfin tuntun ti ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni wọ́n tó di òmìnira. Ní ọdún 1866, nígbà tí ìpalẹ̀mọ́ ń lọ láti kó àwọn òkú ogun jọ sórí òkè, àwọn ènìyàn dúdú ìlú náà ń kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan, tí à ń pè ní Tolson's Chapel. Láti ọdún 1868, inú rẹ̀ ni a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìwé. Itẹ́ òkú kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọdún 2021 kí ìjọba àpapọ̀ tó kà á mọ́ àwọn ibi mánigbàgbé ti orílẹ̀-èdè náà. Ibi tí wọ́n wọ́ ère ńlá gbà kọjá àti ilé ìjọsìn yìí kò jìnnà síra, nítorí ìlú náà kò tóbi. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ìjà náà tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní láti dé ibi méjèèjì.

Àsọkágbá

Ní ọdún 1877, ilé iṣẹ́ ogun ìjọba àpapọ̀ gba àbójútó itẹ́ òkú náà. Ní ọdún 1933, ó bọ́ sí ọwọ́ àjọ tí ń tọ́jú ọgbà àti ibi ìtàn. Àwọn ọmọ-ogun tí wọ́n jà nínú àwọn ogun ẹ̀yìn ìgbà náà ni a tún sin díẹ̀ síbẹ̀, títí a fi ti ilẹ̀kùn ìsìnkú ní ọdún 1953. A tún ṣí i ní ọdún 2000 fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ-ogun ojú omi kan láti àdúgbò náà, ẹni tí ó kú nígbà tí a kọlu ọkọ̀ ojú omi USS Cole. Òun ní orúkọ lórí òkúta rẹ̀.

Kí wá ni èrè ère? Mo gbà pé ère Sharpsburg ṣe iṣẹ́ kan tí ó dára. Ó gbé ẹni tí kò ní ipò ga ju àwọn ọ̀gá lọ, ó sì fún àwọn tí kò rí òkú wọn ní ibi tí wọn yóò kọjú sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní láti yàn láàárín akọ òkúta 27 tí a tò jọ àti ìwé tí Aaron Good àti Joseph Gill kọ orúkọ sí, ìwé náà ni n ó mú. Ère ń bá wa rántí pé àwọn kan kú. Àwọn tí ó ń wá àpò òkú wò ni wọ́n bá wa rántí ẹni tí ó kú.

Èyí ni ó mú mi padà sí ilé tiwa. Ní Taukkyan, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Bọ́mà tẹ́lẹ̀, ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ àwọn tí ó tó nǹkan bí 27,000 sí, àwọn ọmọ-ogun tí kò ní ibojì tí a mọ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn tí mo ti Sharpsburg dé, mo wá inú àkọsílẹ̀ àwọn orúkọ náà, mo sì rí ti àbúrò bàbá bàbá mi, pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ ogun rẹ̀. Mo gbé e lọ fún bàbá mi, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí ẹni náà fi wọkọ̀ lọ. Mo kà á sókè. Bàbá mi dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí n tún un kà.